Ẹja ọmọdé tó ń wọ ọjà wa: àwa tí à ń rà á ló yẹ ká kọ́kọ́ bá àwọn ará etídò ṣe é

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí, pẹ̀lú bí bébà ṣe wọ́n tó a ṣì ń rí i kà, Ọlọ́run á máa kún yín lọ́wọ́.

Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé nípa bí òkun ṣe ń jẹ Ayétòrò lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí gbogbo Nàìjíríà ń gbóríyìn fún nígbà kan, tó wá di pé ilé ń wó sómi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n mú báírò ni pé bí ọ̀rọ̀ òkun bá ti délẹ̀ báyìí, Èkó àti Òǹdó nìkan làwọn èèyàn máa ń dárúkọ, bí ẹni pé ìpínlẹ̀ Ògùn ò fẹnu kan òkun rárá. A ní òkun o! Ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà l'Ábígi, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, ibẹ̀ la ti kan òkun. Ẹ bi ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ọmọ Ṣágámù léèrè pé níbo ni òkun wa wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa nawọ́ sí ọ̀nà Lẹ́kì fún yín.

Ẹja ni mò ń tà, ẹja yíyan ní pàtàkì, obòkún, àrọ̀, epìyà, sáwá, ìyá mi tà á kí n tó máa tà á. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ àwọn ará etídò yìí, láti Ìwópin dé Mákùn-Omi títí lọ sí ọ̀nà Òde-Omi, torí ẹni tó ń ta ẹja ò lè ṣe kó má mọ ẹni tó pa á. Mo fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti dáàbò bo omi wọn, torí mi ò rí i kó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn náà màá wá sọ ibi tí àwa ará òkè ti ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́ láìmọ̀. Kí inú má bí ẹnikẹ́ni o.

Ní abúlé ìyá ìyá mi, ọjọ́ kan wà láàárín ọjà sí ọjà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ da àwọ̀n sómi, gbogbo ọkọ̀ á wà létídò, kódà ẹni tí ebi ń pa á wá nǹkan mìíràn jẹ. Ibì kan tún wà nínú ọ̀sà, níbi tí igi ògùrọ̀ ti ṣú dùdù, a kì í pẹja níbẹ̀ láéláé, àwọn àgbà ní ilé òrìṣà ni. Nígbà tí ojú wá ń là, àwọn ọ̀dọ́ kan ní irọ́ ni, wọ́n wọbẹ̀ lọ, wọ́n kó ẹja títí ọkọ̀ fi fẹ́ rì, òrìṣà kankan ò sì mú wọn, wọ́n dé wọ́n ń fi àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà tí ẹja fi wọ́n níbẹ̀, tó tún wá wọ́n ní gbogbo agbègbè yẹn, ṣebí ibi tí wọ́n ń bímọ sí ni wọ́n ti tú wọn ká. Ní báyìí pásítọ̀ àti lèmọ́mù gan-an ti fẹnu sí i, wọ́n ti dá ibẹ̀ padà sí èèwọ̀, àmọ́ wọn ò pè é nílé òrìṣà mọ́, wọ́n kàn ní kẹ́nikẹ́ni má wọbẹ̀, ẹni tó bá wọbẹ̀ wọ́n á gba àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, á tún san owó. Èmi ò mọ èwo ni ká pe èyí, ẹ̀sìn ni àbí ọgbọ́n, ó ṣáà ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ gamalín náà ńkọ́? Oògùn kòkòrò inú oko kòkó ni o, àwọn olójúkòkòrò ló ń dà á sómi kí ẹja lè léfòó, wọ́n á kó ńláńlá níbẹ̀, ẹyin àti ọmọ wẹ́wẹ́ á kú sílẹ̀, ẹni tó sì ra ẹja yẹn jẹ, oògùn ló rà. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣọ́ omi lóru nítorí rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wọn, epo tí wọ́n ń rọ sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn dá-owó-jọ ni.

Ẹ tún wo koríko orí omi. Láyé àtijọ́ ojú oró àti òṣíbàtà la mọ̀, àwọn yẹn mọ ìwọ̀n ara wọn, ṣùgbọ́n eléyìí tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí elésè àlùkò, gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ó gba ojú omi wọlé ní ìhà Àgbádárìgì láti Bẹ̀nẹ̀, kò sì tún lọ mọ́. Tí òjò bá ti dé, tí iyọ̀ inú omi dín kù, á tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ọ̀sà débi pé oòrùn ò ní rí omi, atẹ́gùn ò ní wọlé, ẹja á máa gbọn ẹnu, ọkọ̀ ò sì ní rọ́nà kọjá torí á wé mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ọkùnrin àtobìnrin máa ń jáde pẹ̀lú àdá àti igi gígùn láti ya ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á kó o dà sórí ilẹ̀ kó gbẹ. Tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ẹja tí mo fẹ́ tà l'Ọ́jọ́rú, Ọjọ́ Ẹtì ló máa dé, á ti rùn. Ìjọba máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí yóò máa kó o, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Níbi tí omi iyọ̀ ti ń wọlé níhà òkun, igi ẹ̀gbà ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń yọ síta bí ẹni tó gbẹ́sẹ̀ sókè kí omi má bàa tẹ̀ ẹ́. Abẹ́ gbòǹgbò yẹn ni edé àti ọmọ ẹja máa ń sá sí kí èyí tó jù wọ́n lọ má bàa rí wọn gbé mì, òun náà ló ń gba ìjà ìgbì kó tó kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n igi rẹ̀ máa ń jó dáadáa, iná rẹ̀ le, kì í sì í tètè kú, nítorí náà àwa tí à ń yan ẹja fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn obìnrin kan létí omi ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dín in kù, wọ́n ń lo ààrò alápòótí tí wọ́n ń pè ní Chorkor, láti Gánà ló ti wá, agbègbè àwọn apẹja kan létíkun Ákírà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, atẹ́ lórí atẹ́ ni wọ́n ń tò ẹja sí, igi díẹ̀ ló ń jẹ, èéfín rẹ̀ kì í sì í bá ojú jà bíi ti àgbá. Mo ti yan ẹja lórí rẹ̀, ó dáa, àmọ́ bírìkì àti amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ọ́n gba owó, ìdí nìyẹn tí kò tíì pọ̀.

Kí ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní erékùṣù Madagásíkà, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Andavadoaka, àwọn apẹja Vezo ló ń gbé ibẹ̀, lọ́dún 2004 wọ́n pinnu láti ti apá kan nínú òkun wọn fún bíi oṣù méje, kẹ́nikẹ́ni má pa ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní octopus níbẹ̀, àwọn obìnrin ló máa ń fi igi tú u nínú ihò òkúta nígbà tí omi bá fà. Ẹja yẹn tètè ń dàgbà gan-an, nígbà tí wọ́n ṣí ibẹ̀, èyí tí wọ́n pa tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ni àwọn abúlé tó kù bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ àwọn náà. Ní Kẹ́ńyà, ní Gazi, àwọn ará ìlú ń tọ́jú igi ẹ̀gbà tó tó 117 hẹ́kítà láti 2013, orúkọ iṣẹ́ náà ni Mikoko Pamoja, àwọn òyìnbó ń sanwó fún wọn torí èéfín tó ń mú ayé gbóná, tí wọ́n ń pè ní carbon, tí igi náà ń gbé mì, owó yẹn ni wọ́n fi fa omi ẹ̀rọ tí wọ́n sì fi ra ìwé fáwọn ọmọ iléèwé. Gánà náà gbìyànjú, 2019 ni wọ́n kọ́kọ́ ti òkun pa fún àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré fún oṣù kan gbáko, ariwo sì pọ̀, torí ẹni tí kò níṣẹ́ míì lóṣù yẹn, kí ni kó jẹ? Nígbà tó di 2025 wọ́n ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré máa ṣe tiwọn lọ. Èmi ò dá wọn lẹ́bi o. Ẹni tó bá fẹ́ ti omi mọ́ apẹja, kó kọ́kọ́ ro ti ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.

Ó wá ku ibi tí mo ti fẹ́ bá àwa ará òkè wí.

Ẹja tó ń wọ ọjà Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìpẹru báyìí ń kéré sí i. Kì í ṣe gbogbo ẹja kékeré ni ọmọdé, mo mọ̀, yọ̀yọ̀ kékeré ni wọ́n bí i, sáwá náà kò ní dàgbà di àrọ̀ láé, kò sẹ́ni tó ń jà síyẹn. Obòkún tí kò gùn ju ìka àárín lọ ni mò ń sọ, epìyà tí ẹ máa fi mẹ́wàá kún àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹja tí kò tíì bímọ rí láyé ẹ̀ ni wọ́n ń pa. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n pín lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn míì rán pọ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ omi, kò sí ohun tó lè bọ́ lójú rẹ̀, ẹyin gan-an á bá a jáde. Ọ̀kan nínú àwọn epìyà ọ̀sà wa, akọ ló máa ń gbé ẹyin sẹ́nu títí ẹyin náà á fi pa ọmọ, kì í sì í jẹun dáadáa ní gbogbo àsìkò yẹn (àwọn ọkọ ilé wa ẹ gbọ́?), nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ pa á lọ́jọ́ yẹn, ẹ ti pa gbogbo ilé rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Mo bi apẹja kan léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ń lo irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàálẹ̀ wọn ti kọ̀ ọ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Màmá, bàálẹ̀ kọ̀ ọ́, àmọ́ ọjà yín ò kọ̀ ọ́." Mi ò rí fèsì. Àwọn àgbà etídò lè fòfin dè é, wọ́n lè gba àwọ̀n, ṣùgbọ́n tí apẹja yẹn bá ti rí obìnrin kan láti òkè tó gbé páànù dání tó sì gbówó lọ́wọ́, òru ni yóò fi ṣe é. Owó wa ló ń ra àwọ̀n yẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, pé trọ́là ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n lójú òkun ló ń pa ẹja tán, kì í ṣe tálákà tó ní ọkọ̀ ọpọ́n. Òótọ́ ni, èmi náà gbà. Òfin ẹja òkun ti 1992 ní trọ́là ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín máìlì òkun 5 sí etíkun, ìyẹn lé ní kìlómítà 9, àwọn ará etíkun sì ń sọ pé àwọn ṣì ń rí iná wọn nítòsí lóru, tí wọ́n á fi ọkọ̀ ńlá fa àwọ̀n olówó iyebíye ya lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ orí omi àti ìjọba àpapọ̀ ló ni ìyẹn, ẹ bá wa pariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ obòkún tó wà nínú páànù lọ́jà Òkè-Ajé n'Ìjẹ̀bú-Òde, trọ́là kọ́ ló gbé e wá. Ọ̀sà ló ti wá, ọkọ̀ kékeré ló pa á, àwa la sì rà á.

Àwọn mìíràn á ní ẹja kékeré yẹn ni tálákà ń rí rà. Èyí gan-an ló ṣòro fún mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí torí mo mọ àwọn oníbàárà mi, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún tó fẹ́ fi ẹja sínú ìkọ́kọrẹ́ kò ní ra obòkún ńlá pẹ̀lú bí nǹkan ṣe rí yìí. Àmọ́ sáwá wà, yọ̀yọ̀ wà, edé wà, panla orí yìnyín náà wà bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti gbówó lórí. Tí a bá sì jẹ́ kí ọmọ obòkún yẹn dàgbà, ọ̀kan tó máa dé lẹ́yìn náà á tó ẹja ogún nínú èyí tí à ń kó báyìí, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bèèrè ò pọ̀. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja tó wà ní gbogbo ọjà wa yìí lágbára ju káńsù lọ, ẹ má tàn mí. Ẹni tí kò bá wá sí ìpàdé, à ń gba fáìnì lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá patẹ lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ní ká má patẹ, a óò dà á nù. Ẹni tí kò ra aṣọ ẹgbẹ́ nígbà Ojúde Ọba, títí ọdún á fi yípo la óò máa yínmú sí i! Ẹgbẹ́ tó lágbára báyìí ò wá lè sọ pé ẹja tí kò tó báyìí kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà? Ká gbẹ́ igi kan, ká fi ọ̀bẹ sààmì sí i, ti obòkún níbí, ti epìyà níbí, ti àrọ̀ níbí, kí àwọn apẹja àgbà fúnra wọn sọ ìwọ̀n tí ẹja ti máa ń bímọ, àwọn ló mọ̀ ọ́n, kí igi kan wà létídò, kí ìkejì rẹ̀ wà lọ́jà. Tí Ìwópin bá kọ̀ ọ́ tí Òkè-Ajé gbà á, iṣẹ́ ò tíì ṣe. Tí Òkè-Ajé náà kọ̀ ọ́ tí Ṣágámù ń rà á, bẹ́ẹ̀ náà ni. Afi ká jọ kọ̀ ọ́. Káńsù Ogun Waterside lè wá fi òǹtẹ̀ lu òfin tí àwọn abúlé ti ṣe fúnra wọn, kí ẹni tí wọ́n gba àwọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀ má bàa máa sáré lọ gbé ọlọ́pàá wá mú àwọn ọ̀dọ́ tó gbà á, torí ó ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín torí ẹ jìnnà sómi. Ọ̀sà tí à ń sọ yìí, Ọ̀sà Lẹ́kì ni, kò ju kìlómítà 247 níbùú lóròó lọ, kò sì jìn, ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ ò ju bíi mítà 6 lọ. Odò Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó ń tú sínú rẹ̀, Ọ̀ṣun tí àwọn awakùsà góòlù ti bà jẹ́ lápá Ìjẹ̀ṣà débi pé àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà di ẹrẹ̀. Ọ̀nà tí omi ọ̀sà yẹn sì gbà dé òkun, ẹnu omi Èkó ni. Náílọ̀n píọ́ wọ́tà tí ẹ jù sí gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí òjò bá ti gbé e dé odò, ìrìn àjò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn apẹja sọ pé nígbà míì náílọ̀n tó ń bá àwọ̀n jáde ju ẹja lọ. Èkó ti fòfin de ike oúnjẹ funfun tó fúyẹ́ yẹn láti oṣù kìíní 2024, àwọn kan ṣì ń lò ó o, àmọ́ ó ti dín kù díẹ̀. Bó bá di inú ayẹyẹ wa níbí, ẹ ṣáà ti mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ń rí tí àwọn onílù bá lọ tán.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ rán akọ̀ròyìn kan lọ sí Ìwópin lọ́jọ́ ọjà, kó dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí ọkọ̀ tó túká, kó bá bàálẹ̀ sọ̀rọ̀, kó bá àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ omi lóru sọ̀rọ̀, kó sì wo inú páànù àwa obìnrin náà, kó má yọ wá sílẹ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ wa ti oṣù tó ń bọ̀, mo ti ní kí akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ igi ìwọ̀n ẹja yìí sínú ohun tí a máa jíròrò. Tí ẹ bá lè tẹ ìwé yìí jáde ṣáájú ọjọ́ náà màá mú bébà yín dání lọ, torí àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí wọn ò ní gbà á lẹ́nu mi, àmọ́ tí wọ́n bá ti rí i nínú ìwé ìròyìn báyìí, wọ́n á ní òótọ́ ni.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́ja, Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde